Àwọ̀ Adìẹ Kì í Ṣe Fáàrí

Ẹ̀yin ará Beam Park, àti ẹ̀yin ará Dagenham àti Rainham tí ẹ ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹjọ́ kékeré kan ni mo gbé wá síwájú yín. Kò ju ọ̀rọ̀ adìẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí Yorùbá tó bá fẹ́ sin adìẹ ládùúgbò wa yìí má ṣe mú èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ń yé. Kí ó sin ìran àtijọ́, èyí tí a mọ bàbá àti ìyá rẹ̀. Kí ó máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa èyí tí yóò fi sílẹ̀ fún irú. Kí dídára ara adìẹ ṣáájú nínú ohun tí yóò wò, kí àwọ̀ sì tẹ̀lé e. Mo sì dúró lé e pé àwọ̀ tí mo ní kó tẹ̀lé e yẹn kì í ṣe fáàrí.

Mo mọ̀ pé gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ láàárín àwọn èèyàn wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi kan, bàbá àgbà kan wò mí títí, ó ní, “Àbúrò, ṣé àwọ̀ la ó sè sínú ọbẹ̀ ni?” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ẹni tó ti fi owó ra oúnjẹ adìẹ, tó ti kan ilé fún un, tó sì ń jí lówùúrọ̀ òtútù láti já yìnyín kúrò lójú omi rẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí àwọ̀ fẹ́ fi ṣe fún òun. Bàbá ni mo ń dá lóhùn nínú ìwé yìí.

Ní ọdún 1886, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Cook mú adìẹ tuntun kan jáde ní Orpington, ìlú tó wà ní Kent nígbà náà ṣùgbọ́n tó ti di ara London lónìí, ní òdìkejì odò Thames sí wa. Minorca, Langshan àti Plymouth Rock ló fi ṣe é. Dúdú ni adìẹ náà láti orí dé ìrù, ìdí sì wà tí Cook fi fẹ́ ẹ ní dúdú. Èéfín èédú ló bo London nígbà náà. Ògiri ilé ń dúdú, aṣọ tí a sá ń dúdú, ewé igi pàápàá ń dúdú. Adìẹ funfun yóò ti dọ̀tí kí ọjọ́ tó kanrí, dúdú kò sì ní fi ẹ̀gbin hàn. Èyí ni pé ẹni tó ṣe ọ̀kan nínú àwọn adìẹ tó lókìkí jù lọ ní ilẹ̀ yìí fi àwọ̀ rẹ̀ bá ìlú tí yóò gbé mu. Àwọ̀ ṣiṣẹ́ fún Cook. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣiṣẹ́ fún èmi náà.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ sin adìẹ níbí, mo ra òròmọdìẹ mẹ́rin lọ́wọ́ ẹnìkan tó fi dá mi lójú pé abo ni gbogbo wọn. Mo gbà á gbọ́, nítorí òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ ẹ̀ kò lè fi ojú mọ akọ rẹ̀ yàtọ̀ sí abo. Àdàlù ni wọ́n, kò sẹ́ni tó lè dárúkọ ìran wọn. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16, ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, méjì nínú wọn na ọrùn, wọ́n sì kọ. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí mi, òṣìṣẹ́ òru ni ní ilé ìwòsàn, ó kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Kò pariwo. Ohun tó sọ kò ju pé òun kò tíì rí oorun sùn láti ọjọ́ méjì. Ojú tì mí. Àwọn àkùkọ náà kúrò nílé mi kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ nísinsìnyí nípa àwọ̀ ni, n kò ní rí ìtìjú yẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láàárín àwọn adìẹ, àwọ̀ kan wà tí ìyá kì í fi lé ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọkùnrin nìkan ló ń fún. Ẹ mú àkùkọ Rhode Island Red, pupa bí ilẹ̀ Ìbàdàn, kí ẹ fi gun àgbébọ̀ Light Sussex, èyí tí ara rẹ̀ funfun tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ ní ìlà dúdú. Nígbà tí wọ́n bá pa ọmọ, àwọn akọ yóò jáde ní àwọ̀ ìyá wọn, funfun tó pọ́n díẹ̀ bíi bọ́tà. Àwọn abo yóò jáde ní àwọ̀ bàbá wọn, pupa rẹ́súrẹ́sú. Ní ọjọ́ tí wọ́n bí wọn gan-an, kí ara wọn tó gbẹ tán, ẹ ti mọ̀. Tí ẹ bá wá yí i padà, tí ẹ fi àkùkọ Sussex gun àgbébọ̀ pupa, kò ní ṣiṣẹ́: gbogbo ọmọ ni yóò fi àwọ̀ Sussex jáde, akọ àtabo. Ẹni tí kò ka àwọ̀ sí kò lè mọ èyí tí yóò fi ṣe bàbá.

Kò parí síbẹ̀. Ní 1902, William Bateson ti Cambridge fi ogbe orí adìẹ ṣe ẹ̀rí pé òfin àjogúnbá tí Mendel rí lára ewéko ń ṣiṣẹ́ lára ẹran pẹ̀lú. Lẹ́yìn rẹ̀, Reginald Punnett àti Michael Pease, ní Cambridge kan náà, ṣe àwọn ìran adìẹ tó ń fi akọ àti abo hàn láti ọjọ́ kìíní, ìran dé ìran, láìjẹ́ pé a tún dà wọ́n lù. Legbar ni èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn lónìí. Abilà ni àṣírí rẹ̀. Àkùkọ ń jogún abilà lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá, nítorí náà ó gba ìlọ́po méjì, ara rẹ̀ sì ń mọ́lẹ̀ ju ti abo lọ. Òròmọ akọ ní àmì ràbàtà tó mọ́lẹ̀ lórí. Àgbébọ̀ ń jogún rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá nìkan, òròmọ abo sì ní ìlà dúdú kedere tó gùn láti orí dé ìdí, bí ẹni pé wọ́n fi tìróò fà á. Nílùú tí àkùkọ ti ń di ẹjọ́, ìlà dúdú yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ẹni tí yóò sin adìẹ pẹ́ àti ẹni tí yóò kó ilé adìẹ rẹ̀ dànù lẹ́yìn oṣù mẹ́rin.

Bàbá, mo rò pé mo ti dáhùn apá kan. Àwọ̀ kò wọ inú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ fún wa ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni gbogbo èyí, pé àwọn bàbá wa kò ṣa adìẹ ní àwọ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà adìẹ rí mọ̀ pé iye tí wọ́n ń pe adìẹ funfun kì í ṣe iye tí wọ́n ń pe alámì tó-tò-tó. A ní orúkọ fún oríṣiríṣi wọn: a ní asá tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè, a ní abólọ́rùn tí ọrùn rẹ̀ bó, a ní òpìpí tí ìyẹ́ apá rẹ̀ kò tó fò. Ènìyàn kì í sọ ohun tí kò kà sí lórúkọ. Òwe wa sọ pé adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà. Àwọn tó pa á ti wò ó pé funfun lára adìẹ ní iyì tirẹ̀ láwùjọ. Ìyá mi àgbà a máa so àkísà mọ́ ẹsẹ̀ adìẹ rẹ̀, pupa fún ọmọ àgbébọ̀ kan, àdìrẹ fún ọmọ òmíràn. Ó sọ pé nítorí olè ni. Olè nìkan kọ́. Bó ṣe ń so ó, bẹ́ẹ̀ ló ń mọ ọmọ ta ni ta ni, tó sì ń mọ èyí tí kò gbọdọ̀ tà.

Ó tún yẹ kí a rántí àwòdì. Adìẹ funfun tó ń jẹ̀ lórí ilẹ̀ pupa, àwòdì á rí i láti òkè réré. Èyí tó ní àmì bíi ti ẹtù, ojú àwòdì lè fò ó. Bí olówó adìẹ kò bá ṣà, àwòdì yóò bá a ṣà, òtútù yóò bá a ṣà, àrùn lùkúlùkú yóò bá a ṣà. Adìẹ funfun tó ṣẹ́ kù lábúlé ṣẹ́ kù nítorí pé ẹnìkan fẹ́ ẹ, ó sì dáàbò bò ó.

Níbí ni àwọn onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí láàárín wa ti ń fi ojú wò mí. Wọ́n ní, ta ló ń wá adìẹ funfun bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ fi bọ Ọbàtálá? Ta ló ń wá dúdú tí kò ní àmì kankan? N kò ní bá wọn jiyàn lórí ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ìtàn ni pé àwọn tó ń béèrè fún adìẹ aláwọ̀ kan pàtó, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi ń béèrè, wà lára àwọn tó jẹ́ kí àwọ̀ wọ̀nyẹn má parun lágbo adìẹ wa. Ẹni tó ń sin adìẹ ní Beam Park kò bọ nǹkan kan bó bá mú èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ ju ti èkejì lọ. Ìmọ̀ ìṣàyàn ni, kò sì sí ẹ̀sìn tó kọ ìmọ̀.

Mo wá kan ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó gbà pẹ̀lú mi lórí àwọ̀ ti máa ń ṣìnà. Mo sọ pé kí dídára ṣáájú. Adìẹ Orpington tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, Cook ṣe é fún ẹyin àti ẹran. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń gbé adìẹ lọ síbi ìdíje. Wọ́n fẹ́ kó tóbi, wọ́n fẹ́ kí ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀ kó sì wú bíi tìmùtìmù, ohun tí wọ́n fẹ́ ni wọ́n sì rí gbà. Ẹyin rẹ̀ dínkù. Mi ò sọ pé ìdíje kò dára. Àti 1865 ni William Bernhard Tegetmeier, ẹni tó bá Darwin ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ adìẹ, ti ṣe ìwé òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ fún ìran adìẹ ní ilẹ̀ yìí, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ Poultry Club sílẹ̀ ní 1877. Láìsí ìwé òṣùwọ̀n yẹn, púpọ̀ nínú àwọn ìran yìí ì bá ti dàrú mọ́ ara wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú nìkan kò tó adìẹ í ṣà. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Nítorí náà, alẹ́ ni èmi fi ń ṣà. Nígbà tí wọ́n bá ti bà sórí igi nínú ilé wọn tí ojú wọn ti ń pa dé, mo máa ń gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò sì ní tan iná. Ìka ni mo fi ń wò. Mo ń fi ọwọ́ ra egungun àyà láti iwájú dé ẹ̀yìn: ó gbọ́dọ̀ tọ́, kò gbọdọ̀ wọ́ bí ọ̀nà odò. Mo ń fi ọwọ́ kan ẹran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun náà lọ́tùn-ún àti lósì, bóyá ó kún tàbí ó fọn. Lẹ́yìn náà mo ń wá egungun ìdí méjèèjì níbi tí ẹyin ń gbà jáde: lára àgbébọ̀ tó ń yé dáadáa, ìka méjì tàbí mẹ́ta á wọ àárín wọn, lára èyí tí kò yé, ìka kan ni. Mo ń ka ọmọ ìka ẹsẹ̀, mo ń wò ó bóyá èyíkéyìí wọ́. Mo ń fi àtàǹpàkò kan àgógó láti mọ̀ bóyá òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ pàdé. Ọ̀kan tó bá kùnà nínú ìwọ̀nyí kò ní ṣe ìyá lágboolé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹ́ rẹ̀ ń dán bí aṣọ òkè tuntun. Ilẹ̀ yóò wá mọ́. Àwọn tó bá yege lóru, àwọn nìkan ni mo máa ń kó síta sójú oòrùn láti wo àwọ̀ wọn. Mi ò tíì yí ètò yìí padà rí, mi ò sì ní yí i.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti iye ẹyin. Àgbébọ̀ pupa ti ilé iṣẹ́, èyí tí wọ́n dà lù fún ẹyin nìkan, a máa yé ju 300 lọ lọ́dún. Ìran àtijọ́ kì í sábà kọjá 150 sí 200. Ẹni tó ń fi ẹyin bọ́ ọmọ márùn-ún yóò ní ìṣirò mi kò pé. Mo gbà pé ní ọdún kìíní, òun ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣe bí àgbẹ̀. Bàbá tó ń gbin àgbàdo ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé àgbàdo àdàlù tí wọ́n ń tà nínú àpò kì í padà so bíi ti ìyá rẹ̀ bí a bá tún ọmọ rẹ̀ gbìn. Ọdọọdún la ó padà lọ rà á. Àgbàdo ìbílẹ̀ ńkọ́? Bàbá ṣa ṣírí tó dára jù, ó fi háhá rẹ̀ so ó kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè lé kòkòrò, kò sì sí ọmọ tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án bí ebi ti wù kó pa á. Irú ni. Adìẹ ilé iṣẹ́ kò ní irú nínú. Ẹyin rẹ̀ ń já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún kejì, ọmọ rẹ̀ kò sì jọ ọ́, a ó tún padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Àgbébọ̀ ìran àtijọ́ tí a tọ́jú dáadáa lè ṣe ọdún márùn-ún sí méje lẹ́nu iṣẹ́, èyí tó bá sì pẹ́ jù lọ lẹ́nu yíyé níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni yóò rọ́pò rẹ̀. Ẹyin ni mo fi ń sanwó irú. Mo gbà pé owó náà tọ́.

Wọ́n tún ní, bí ìran la ń wá, kí ló dé tí a kò sin tiwa? Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi nínú. Ní Abẹ́òkúta, ní yunifásítì ọ̀gbìn FUNAAB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olufunmilayo Adebambo àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣa adìẹ ìbílẹ̀ wa títí wọ́n fi mú FUNAAB Alpha jáde. Ohun tí mò ń rọ̀ yín láti fi adìẹ mẹ́ta ṣe, wọ́n ti fi agbo ńlá ṣe é. Ṣùgbọ́n a kò lè di ẹyin sínú àpótí ìrìn-àjò láti Èkó wá síbí kí a lọ fi pa ọmọ. Òfin kò gbà á, àrùn sì lè bá a wọlé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ohun tó jẹ́ ọlá fún adìẹ ní Abẹ́òkúta lè jẹ́ ìyà rẹ̀ ní Beam Park. Abólọ́rùn ń fi ọrùn rẹ̀ tó bó lé ooru jáde. Nínú oṣù Kejì níbí, kí ni yóò fi ọrùn náà ṣe? Asá wà nílẹ̀ yìí, Frizzle ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ rí i pé orí ilé rẹ̀ kò jò, ẹ má sì fi asá gun asá: nínú mẹ́rin tí wọ́n bá bí, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan jáde tí ìyẹ́ rẹ̀ ń kán kúrò títí ara rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níhòòhò.

Èmi ti rí tiwa lára tiwọn. Dorking ni mo ń sìn, adìẹ tó gba orúkọ ìlú Dorking ní Surrey. Ẹ gbé e, kí ẹ ka ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Márùn-ún ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú adìẹ yòókù ní mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún dá dúró lókè èyí tó wà lẹ́yìn, ó tẹ̀ sókè bí ẹni ń nàka sọ́run. Columella, ará Róòmù tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, ti yin àgbébọ̀ oníka márùn-ún pé òun ló dára jù fún irú. Kí ni ìtàn Ifẹ̀ sọ? Pé nígbà tí omi bo gbogbo ayé, adìẹ oníka márùn-ún ni wọ́n gbé sórí erùpẹ̀ tí wọ́n dà sójú omi náà, òun ló tàn án tí ilẹ̀ fi fẹ̀. N kò sọ pé Dorking ti Ifẹ̀ wá. Mo sọ pé ọmọ Yorùbá tó bá rí ìka karùn-ún yẹn tí ara rẹ̀ kò sì ta, a jẹ́ pé kò gbọ́ ìtàn ní kékeré. Ìran náà kò pọ̀ mọ́. Ó wà lára àwọn tí Rare Breeds Survival Trust, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, ń ṣọ́ kí wọ́n má bàa parun. Bí ìdílé mẹ́wàá ládùúgbò wa bá sin mẹ́ta mẹ́ta, ọgbọ̀n àgbébọ̀ ti kún wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ òfin, kò sì gùn. Ẹ ó ní ìwé àdéhùn ilé yín kọ̀ jálẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ sin ẹran. Ìpín 12 nínú òfin Allotments Act ti 1950 sọ pé ohun yòówù tó bá wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ lè sin àgbébọ̀ tàbí ehoro níbẹ̀, tí kì í bá ṣe fún òwò, tí kò bá sì ṣe ìpalára fún ìlera tàbí di ìyọlẹ́nu fún aládùúgbò. Àgbébọ̀ ni òfin náà dárúkọ. Ẹ má fi àkùkọ dán an wò. Ẹni tó ń gbé fúláàtì kò ní ilẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án, àfi tó bá rí ilẹ̀ ọ̀gbìn gbà lọ́dọ̀ káńsù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2024, dandan ni kí ẹni tó ní adìẹ kan ṣoṣo pàápàá fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ APHA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìlera ẹran. Kò gba kọ́bọ̀. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń kàn sí wa nígbà tí bird flu bá dé tí wọ́n ní kí a kó adìẹ wọlé. Ẹ̀bà àjẹkù, tí ìyá wa kò lè wò kó ṣòfò, kò gbọdọ̀ kan ẹnu adìẹ níbí: ohun tó bá ti gba ilé ìdáná kọjá níbi tí a ti ń se ẹran, òfin ti kà á léèwọ̀. Ẹ já ẹ̀fọ́ fún wọn tààrà láti inú ọgbà. Ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ mọ́tò ti wà rí sì ni ilẹ̀ wa. Mo gbé àpótí onípákó kalẹ̀, mo rọ iyẹ̀pẹ̀ tuntun sínú rẹ̀ fún wọn láti máa tàn, mi ò jẹ́ kí wọ́n tan ìsàlẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì onírin tó nípọn ni kí ẹ fi yí wọn ká, kí ẹ sì rì í wọ inú ilẹ̀, nítorí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ etí odò Beam kì í sùn.

Wọ́n ní, láìsí àkùkọ, báwo ni a ó ṣe ṣa irú? Bí a ti ń mú ewúrẹ́ lọ bá òbúkọ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ilẹ̀ ní ìgbèríko Essex, àkùkọ Dorking rẹ̀ sì tóbi. Nígbà tí kò bá sí àrùn nílẹ̀, mo ń gbé àgbébọ̀ méjì tó yege lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Tí wọ́n bá padà dé, ẹyin wọn á máa ní ọmọ nínú fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ fi àkùkọ mìíràn gùn wọ́n, kó dúró kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, kó má bàa ṣi bàbá ọmọ mọ̀. Ní ọjọ́ keje tí adìẹ bá ti sàba, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yẹ ẹyin wò nínú òkùnkùn: èyí tó ní ọmọ, iṣan pupa tín-ín-rín á ti nà káàkiri nínú rẹ̀ bíi gbòǹgbò, àmì kékeré kan á sì máa mì láàárín. Èyí tó mọ́ gaara, a ó yọ ọ́.

Àwọn akọ tó bá wà nínú ọmọ ń lọ sí ìgbèríko bákan náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ kọjá ọ̀sẹ̀ 16, tí ẹran wọn ń gan, tí eyín ń rí ohun tó jẹ. Gbogbo wa la mọ bí a ti ń wá adìẹ líle kiri àwọn ṣọ́ọ̀bù Heathway, tí a ń sanwó lé orí àgbébọ̀ ilé iṣẹ́ tó ti yé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bàbá, èyí ni èsì tó kù nínú èsì mi. Kí ẹ wá jẹ ọ̀kan lọ́dọ̀ mi nígbà ìkórè.

Àgbébọ̀ mi tó dàgbà jù sàba lánàá, lé ẹyin mẹ́sàn-án. Bí ọjọ́ 21 bá pé, wọn yóò pa. Ẹni tó bá fẹ́ abo méjì nínú wọn, n kò ní gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ wá wo nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ó sì fi ìwé hàn mí pé òun ti forúkọ sílẹ̀.